Ìgbà Wo Ni Títẹ̀lé Èèyàn Kiri Ń Di Ẹ̀ṣẹ̀ Lábẹ́ Òfin?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àkòrí tí wọ́n fún mi lónìí ni stalking, ìyẹn kéèyàn máa dọdẹ ọmọlàkejì ẹ̀ kiri, bí òfin ṣe ń dá a mọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pín ìyà ẹ̀ sí ìpele ìpele. Mi ò ní ka ìwé òfin fún yín látòkèdélẹ̀, torí oorun á gbé yín lọ, èmi náà ò sì ní gbádùn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n gbé e kalẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ bàtà ni fóònù ẹ̀ dún. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì ni: "Aṣọ pupa yẹn mà yẹ ẹ́ o." Ó tán síbẹ̀. Kò sí èébú, kò sí ìhàlẹ̀, ká ní àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ ni, inú ẹ̀ ì bá dùn dọ́ba. Àmọ́ ọkùnrin tó fi í ránṣẹ́ yìí, ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti sọ fún un pé òun ò fẹ́, ó ti yí nọ́ńbà padà torí ẹ̀, kò sì tíì gbé fọ́tò kankan síbì kankan lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni pé ẹni tó mọ àwọ̀ aṣọ yẹn ní láti wà lójú títì nígbà tó ń ṣí géètì. Ó wá gbé fóònù lọ bá ọlọ́pàá. Kí ló fẹ́ wí? Pé ẹnì kan ní aṣọ òun dára?

Ibi tí wàhálà òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Olè jíjà, ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ló ti di ẹ̀ṣẹ̀. Kéèyàn na èèyàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n dídúró lójú títì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, fífi òdòdó ránṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pípe èèyàn lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kéèyàn máa gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tá a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò sí èyí tí adájọ́ lè tìtorí ẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ò kúkú lè gbálẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá dì í pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí òfin stalking ń ṣe ni pé ó ń di àwọn nǹkan kéékèèké yẹn pọ̀, ó wá ń pe ìdìpọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Èrò tèmi lórí ẹ̀, tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ni pé òfin tó bá ń fi ọgbẹ́ ẹni tí wọ́n ń dọdẹ wọn ìyà, òfin yẹn á máa pẹ́ dé ni, èyí tó bá ń wo bí ẹni tó ń dọdẹ ṣe takú tó ló máa ń tètè dé.

Òfin yìí ò tíì pẹ́ láyé o. Ṣáájú 1990, kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tó ní òfin tó dárúkọ stalking. Èèyàn á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á bi í pé ṣé ó ti nà ọ́, tó bá ní rárá, wọ́n á ní tó bá ti ṣe nǹkan gidi kó padà wá. Nígbà tó wá di July 1989, òṣèré tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ Rebecca Schaeffer, ọmọ ọdún 21 péré, ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀ ní Los Angeles, ọkùnrin kan tó ti ń kọ lẹ́tà sí i, tó sì ti ń lépa ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, yìnbọn lù ú lẹ́nu ọ̀nà, ó kú. Báwo ló ṣe rí àdírẹ́sì? Ó sanwó fún òtẹ̀lẹ̀múyẹ́ aládàáni, wọ́n bá bá a gbà á látinú fáìlì ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1990, ni California ṣòfin tiwọn, òun sì ni àkọ́kọ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù fi tẹ̀ lé wọn tìrọ́tìrọ́. Nígbà tó di 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tún ṣe òfin mìíràn pé ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ máa kó ìsọfúnni awakọ̀ fún ẹni tó bá ṣáà ti sanwó. Ní Japan náà, ikú ló mú òfin wá: ní October 1999 wọ́n gún ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì pa nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní ìlú Okegawa, òun àtàwọn òbí ẹ̀ sì ti lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá ṣáájú, wọn ò kà á sí. 2000 ni òfin wọn jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe tiwọn lórí ìyọlẹ́nu ní 1997, àmọ́ ọ̀rọ̀ stalking fúnra ẹ̀ ò wọ inú ẹ̀ títí di 2012. Jámánì ṣe tiwọn ní 2007. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, òfin tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwa tá a jókòó síbí ti dáyé kó tó dé.

Ó dáa. Kí ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní kọ́ọ̀tù? Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe kọ tiwọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tú u wò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń wà nídìí ẹ̀: ohun tí ẹni yẹn ń ṣe léraléra, ohun tó kó bá ẹnì kejì, àti ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó ń ṣe é.

Léraléra yìí, ẹ̀ẹ̀mélòó? Àwọn èèyàn máa ń rò pé ó gbọ́dọ̀ tó ogún tàbí ọgbọ̀n ìgbà. Irọ́ ni o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà, ẹ̀ẹ̀mejì, tó bá ṣáà ti fi hàn pé ohun kan náà ló ń lé. Ìyẹn ò ní kí ohun tí wọ́n ṣe nígbà méjèèjì jọra, ó lè jẹ́ pé ó dúró síwájú ilé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ó lọ bá ọ̀gá ẹ ní ibi iṣẹ́ láti bà ẹ́ lórúkọ jẹ́.

Ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni bí wọ́n ṣe ń to nǹkan tí wọ́n kà léèwọ̀ sínú òfin. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ títẹ̀lé èèyàn, wíwá ọ̀nà láti kàn sí i, gbígbé nǹkan nípa ẹ̀ síta, ṣíṣọ́ ohun tó ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti íméèlì, rírìn gbéregbère níbi tó wà, fífọwọ́ kan dúkìá ẹ̀, yíyọjú wò ó, àmọ́ ó wá sọ pé àpẹẹrẹ lásán ni gbogbo wọn. Japan ní tiwọn ka nǹkan kalẹ̀ ní pàtó, èyí tí ò bá sì sí nínú ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wá mú wọn. Ọkùnrin kan lẹ GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí nǹkan wà hàn, mọ́ ọkọ̀ obìnrin tó ń lé kiri, ó jókòó sílé ara ẹ̀, ó ń wo ibi tí obìnrin náà ń lọ lórí fóònù. Òfin sọ pé èèwọ̀ ni kéèyàn máa ṣọ́ ẹlòmíì nítòsí ilé ẹ̀ tàbí ibi tó sábà ń wà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Japan sọ ní July 2020 pé ẹni tó wà lọ́nà jíjìn tó ń wo fóònù, kò sí nítòsí ibì kankan, nítorí náà kò sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún 2021 ni wọ́n tó lọ tún òfin ṣe kí GPS lè wọ inú ẹ̀. Mi ò bínú sáwọn adájọ́ yẹn o, ìwé òfin ni wọ́n kà, ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi àbá mú. Ẹni tó kọ òfin bíi pé ayé ò ní yí mọ́ lẹ̀bi wà lọ́rùn ẹ̀.

Nàìjíríà ṣe òdìkejì. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 24 ẹ̀, pe àkọlé ẹ̀ ní cyberstalking, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sí léraléra níbẹ̀ rárá, mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹyọ kan tí wọ́n bá ti ní ó múnú bí ẹnì kan tàbí pé irọ́ ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà tàbí méjèèjì. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn oníròyìn àtàwọn tó ń bú olóṣèlú ni wọ́n fi ń kó. Kọ́ọ̀tù ECOWAS sọ pé kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024, wọ́n gé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ léraléra kúrò nínú òfin stalking, òfin ẹnu ẹ dákẹ́ ló kù sílẹ̀ fún yín yẹn.

Ó kan ẹ̀rù. Àwọn òfin àkọ́kọ́ le gan-an níbí. California ní ìhàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ìhàlẹ̀ tó ṣeé gbà gbọ́, tó máa mú ẹni náà bẹ̀rù fún ara ẹ̀ tàbí fáwọn ará ilé ẹ̀. Ẹ padà sórí aṣọ pupa. Níbo ni ìhàlẹ̀ wà níbẹ̀? Wọ́n rí àlàfo yẹn, òfin náà wá sọ ọ́ kedere báyìí pé ìhàlẹ̀ ò dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ìwà tó ń hù tẹ̀ léra wọn lè jẹ́ ìhàlẹ̀ fúnra wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tiẹ̀ fi kún un pé tí kò bá sí ẹ̀rù ikú tàbí ìpalára, ìdààmú ọkàn tó pọ̀ gan-an náà tó. Wọn ò sì fi mọ sórí èèyàn, ẹni tó bá ń dẹ́rù bani pé òun máa pa ajá ẹ, tàbí ẹṣin ẹ, ó wà níbẹ̀! Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá mọ àwọn oníṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹran ọ̀sìn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ bà.

Báwo lẹ ṣe máa wọn ẹ̀rù? Kọ́ọ̀tù máa ń béèrè pé èèyàn tí orí ẹ̀ pé, tó bá wà nípò ẹni yìí, tó mọ gbogbo ohun tí ẹni yìí mọ̀, ṣé ó máa bẹ̀rù? Gbólóhùn "tó mọ gbogbo ohun tí ẹni yìí mọ̀" yẹn ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Òdòdó tí ọkọ àtijọ́ bá gbé síwájú ìlẹ̀kùn, tó jẹ́ pé òdòdó yẹn gan-an ló máa ń rà wá lọ́jọ́ kejì tó bá ti na ìyàwó ẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á rí i pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹni tí wọ́n gbé e wá fún mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún òun.

Jámánì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ níbí, torí àwọn ló fi èrò mi hàn jù. Òfin wọn ti 2007 sọ pé ìwà náà gbọ́dọ̀ ti ba ìgbésí ayé ẹni tí wọ́n ń dọdẹ jẹ́ gidigidi. Lójú kọ́ọ̀tù, báwo lo ṣe máa fìdí ìyẹn múlẹ̀? Pé o kó kúrò nílé, pé o fiṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó wá jẹ́ pé obìnrin tó bá ṣọkàn akin, tó ní ilé mi rèé mi ò lọ síbì kankan, òun ni òfin ò gbèjà, ẹni tó sá nìkan ló rí ìdájọ́. Ṣé ẹ rí i bó ṣe dojú rú? Ní 2017 wọ́n yí i padà: ó tó tí ìwà yẹn bá jẹ́ irú èyí tó LÈ bayé èèyàn jẹ́, bóyá ó bà á jẹ́ tàbí kò bà á jẹ́. Ní 2021 wọ́n tún dẹ̀ ẹ́ sí i, pé tó bá ti jẹ́ léraléra, tí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré, ó tán. Ojú òfin kúrò lára ẹni tó farapa, ó bọ́ sára ẹni tó ń ṣe é. Bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn, òun ló sì máa ń dá lọ́yà lágara jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dọdẹ èèyàn kiri, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn nífẹ̀ẹ́ ẹni yẹn ni. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ẹni náà nífẹ̀ẹ́ àwọn padà, pé ojú ló ń tì í. Tí òfin bá wá ní àfi kó jẹ́ pé ó ní i lọ́kàn láti dẹ́rù bà á, irú ẹni báyìí á jáde lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló sì léwu jù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò kàn wá, tó bá mọ̀ tàbí ó yẹ kó mọ̀, ó ti tó. Amẹ́ríkà ò lè lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ torí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ọkùnrin kan ní Colorado fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí obìnrin olórin kan lórí Facebook láti 2014 sí 2016, ẹni tí wọn ò pàdé rí láyé, obìnrin yẹn á bulọ́ọ̀kù ẹ̀, ọkùnrin náà á tún ṣí àkáǹtì tuntun, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ju ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n ọdún 4 àbọ̀. Ẹjọ́ yẹn, Counterman v. Colorado, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ní June 2023 adájọ́ 7 nínú 9 sọ pé tó bá jẹ́ pé ìhàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ fi mú èèyàn, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn, ó kéré tán, pé ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹni náà gbà á sí ìhàlẹ̀, kò sì bìkítà. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn jà, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n wo ọ̀rọ̀ inú mẹ́sẹ́ẹ̀jì jù, wọn ò wo iye ìgbà tí wọ́n bulọ́ọ̀kù ẹ̀ tó ṣì ń padà wá. Japan tún ní tiwọn tó yàtọ̀: òfin wọn sọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìbínú pé wọ́n kọ ìfẹ́ ẹni ló gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀, nítorí náà alábàágbé tó ń dọdẹ ẹ torí ìjà ilẹ̀, òfin mìíràn ni wọ́n máa wá fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìyà. Ní Florida, stalking lásán jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, kò lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lọ. Ohun tó ń gbé e lọ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè tó ọdún 5 ni pé ó fi ìhàlẹ̀ kún un, tàbí kọ́ọ̀tù ti ní kó má sún mọ́ ẹni náà tó ṣì sún mọ́ ọn, tàbí ọmọ tí ò tíì pé 16 ló ń dọdẹ. California fi í sọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́, ó lè gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí ò ju ọdún 1 àti ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ, ó sì lè gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Tí àṣẹ kọ́ọ̀tù bá ti wà nílẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọdún 2, 3 tàbí 4. Tí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi stalking rí, ó lè tó 5. Íńdíà náà, láti 2013, ìgbà àkọ́kọ́ ò ju ọdún 3 lọ, wọ́n sì lè gba béèlì ẹ̀, ìgbà kejì ó tó 5, béèlì ò sì rọrùn mọ́. Àmọ́ obìnrin nìkan ni òfin yẹn gbèjà, ọkùnrin nìkan ló sì lè ṣẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpele méjì péré, ti ìsàlẹ̀ tó jẹ́ oṣù 6, àti ti òkè, níbi tí ẹ̀rù ìwà ipá tàbí ìdààmú ńlá bá ti wọ̀ ọ́. Ti òkè yẹn, ọdún 5 ni tẹ́lẹ̀, ní 2017 wọ́n sọ ọ́ di 10.

Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá yàtọ̀. Ìpele tó kéré jù níbẹ̀ ò ju ọdún 5 lọ. Tó bá ṣe é léṣe gan-an tàbí ó lo ohun ìjà, ó lè tó 10. Tó bá ba ẹwà ara ẹ̀ jẹ́ títí láé tàbí ẹ̀mí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ó lè tó 20. Tí ẹni náà bá kú, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ wò ó dáadáa, ara ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Mi ò ní kí wọ́n má fìyà jẹ apànìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti paniyan, òfin ìpànìyàn wà fún un tẹ́lẹ̀. Òfin stalking tí ò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ àfìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, iṣẹ́ òfin mìíràn ló ń ṣe. Níbẹ̀ náà o, wọ́n ní ẹsẹ̀ kan tó dáa: ẹni tó bá dọdẹ èèyàn nígbà tí àṣẹ kọ́ọ̀tù ṣì wà lórí ẹ̀, adájọ́ ò lè fún un ní dín ní ọdún 1.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ àṣẹ kọ́ọ̀tù? Torí bébà yẹn ń pa àwíjàre rẹ́. Ẹni tó ní òun ò mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù òun, adájọ́ ti sọ fún un, ó ti buwọ́ lù ú pé òun gbọ́. Ohun tó bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àlàyé mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe nǹkan kan tí mo fẹ́ràn ní 2019: ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń lọ tọrọ àṣẹ náà ní kọ́ọ̀tù, wọn ò dúró de ẹni tí wọ́n ń dọdẹ kó wá san owó lọ́yà, ẹni tó bá sì rú u lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Japan náà, ẹni tó bá rú àṣẹ pé kó jáwọ́, ọdún 2 tàbí mílíọ̀nù 2 yen, nígbà tó jẹ́ pé stalking tí ò ní àṣẹ nínú, ọdún 1 ni.

Ẹ̀gbọ́n kan ń béèrè níbẹ̀yẹn pé ṣé kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ń gba gbèsè ló máa di ọ̀daràn báyìí, tàbí oníròyìn tó ń tẹ̀lé olóṣèlú. Rárá sà. Ọ̀pọ̀ òfin yìí ló yọ iṣẹ́ tó bófin mu sílẹ̀, wọ́n yọ ẹ̀hónú àti ìwádìí ọ̀daràn sílẹ̀ náà. Ẹ lè béèrè gbèsè yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá ń dúró síwájú ilé ìwé ọmọ ẹni tó jẹ yín ní gbèsè láàárọ̀, ẹ ti kúrò lórí gbèsè.

Àbúrò tó béèrè pé kí lèèyàn máa kó lọ sí kọ́ọ̀tù: ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ni gbogbo ìgbà, títí kan èyí tó dà bí ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wà lákọsílẹ̀, pé kó má kàn sí ẹ mọ́, má wá fèsì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, torí lọ́yà ẹ̀ á fi èsì ẹ kàn ẹ́ lójú pé ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Má pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì rẹ́ nítorí pé ó ń rí ẹ lára. Tó bá jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n ló ti ń kọ lẹ́tà, kó o mọ̀ pé California sọ ọ́ kedere pé wíwà lẹ́wọ̀n ò gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni pé tí kọ́ọ̀tù bá dá a sílẹ̀ ńkọ́. Ní California, tó bá jẹ́ pé wọ́n dá a lẹ́bi, adájọ́ lè ní kó má kàn sí ẹ fún ọdún 10. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ju ìyẹn lọ: bí wọ́n tiẹ̀ dá a láre pátápátá, tí adájọ́ bá rí i pé ó ṣì yẹ kí wọ́n dáàbò bò ẹ́, ó lè kọ àṣẹ yẹn lé e lọ́wọ́ kó tó jáde ní kọ́ọ̀tù.